Dígírì Àkọ́kọ́ àti Máàstàsì Papọ̀, Àbí Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀? Ìfiwéra fún Ọmọ Èkìtì Tó Fẹ́ Kọ́ Human Factors

Bí ọmọ kan ní Adó tàbí Ìkẹ́rẹ́ bá sọ nílé pé sàíkọ́lọ́jì lòun fẹ́ kọ́, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé ṣé ó fẹ́ máa tọ́jú wèrè ni. Bó bá wá fi kún un pé human factors gan-an lòun ń lé, àti pé yunifásítì kan wà lókè òkun tó lè fún òun ní dígírì àkọ́kọ́ àti máàstàsì papọ̀ láàárín ọdún 5, ọ̀rọ̀ á tún lọ́jú pọ̀ sí i. Bàbá á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò owó, ìyá á máa bẹ̀rù ọ̀nà jíjìn, ọmọ náà á sì máa rò pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́ òun yé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo kọ èyí fún.

N kò ní fi èrò mi pamọ́ di ìparí. Ọdún kan tàbí méjì tí ètò àpapọ̀ ń bá ènìyàn dín kù, kì í ṣe ọ̀fẹ́. Àǹfààní sikọ́láṣíìpù la fi ń rà á, àti àyè tí ọmọ ní láti yí ọkàn padà. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì, mo gbà pé kí wọ́n gba dígírì àkọ́kọ́ nílé, kí wọ́n sì ṣe máàstàsì lọ́tọ̀. Àwọn kan wà tí ètò àpapọ̀ yẹ, màá sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́.

Kí ni ẹ̀kọ́ yìí gan-an?

Human factors ń wo bí ojú, etí, ọwọ́, ìrántí àti àárẹ̀ ẹ̀dá ṣe bá ẹ̀rọ, irinṣẹ́ àti ibi iṣẹ́ mu. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn tó ń wa bàálù ogun B-17 a máa balẹ̀ láyọ̀, àmọ́ bí wọ́n bá wá fẹ́ fa ọ̀pá tó ń ká ìyẹ́ bàálù wọlé, ọ̀pá tó ń ká táyà ni ọwọ́ wọn á bá, bàálù á sì fi ikùn lélẹ̀. Alphonse Chapanis, onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì ará Amẹ́ríkà, lọ wo ibi tí wọ́n ń jókòó sí. Ó rí i pé ọ̀pá méjèèjì jọra, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n sì wà. Ó ní kí wọ́n fi rọ́bà tó rí bí táyà sórí ọ̀kan, kí wọ́n fi èyí tó rí bí ìyẹ́ sórí èkejì, kí ọwọ́ lè dá wọn mọ̀ láìjẹ́ pé ojú wò ó. Ìṣòro náà sì rọlẹ̀. Ní 1979, ní ilé iṣẹ́ iná Three Mile Island ní Pennsylvania, iná kan lórí pátákó ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé a ti pàṣẹ kí ìdérí kan tì, kò sọ bóyá ó tì lóòótọ́. Wọ́n gbà pé ó ti tì. Kò tì, apá kan nínú ẹ̀rọ átọ́míìkì náà sì yọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Ẹ wo obìnrin tó ń yan gàrí. Ó fi ẹ̀gbẹ́ jókòó ti iná nítorí ooru kò jẹ́ kó kọjú sí i, ó ń lọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ láti dé inú agbada, èéfín ń wọ ojú, ọwọ́ kan náà ló sì ń fi rò ó láti àárọ̀. Ìrora ẹ̀yìn tó ń gbé lọ sílé kì í ṣe ti ọjọ́ orí nìkan. Bí a ṣe gbé ààrò náà kalẹ̀ ló fà á, ẹni tó bá mọ human factors ló sì yẹ kó lè wọ̀n ọ́n, kó sì tún un gbé kalẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Nàìjíríà ti ń ṣèwádìí lórí rẹ̀, ó sì dùn mí pé àwọn onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì wa kò tíì pọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta tó wà nílẹ̀

Ọ̀nà kìíní ni ètò àpapọ̀. Amẹ́ríkà ló ti wọ́pọ̀ jù. Àpẹẹrẹ tí mo mọ̀ dáadáa ni ti Embry-Riddle ní Daytona Beach, Florida, yunifásítì tí iṣẹ́ bàálù gbé lórúkọ jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ á wọlé fún dígírì àkọ́kọ́ nínú human factors psychology. Bí máàkì rẹ̀ bá dára, wọ́n á jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í gba kọ́ọ̀sì máàstàsì kó tó parí ti àkọ́kọ́. Kọ́ọ̀sì bíi mélòó kan bẹ́ẹ̀ á ka fún dígírì méjèèjì, ibẹ̀ gan-an ni ọdún ti ń dín kù. Dígírì àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bíi yúníìtì 120, máàstàsì sì máa ń jẹ́ 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ní Bìrìtìkó náà, ètò ọlọ́dún 4 tí wọ́n ń pè ní MSci wà fún sàíkọ́lọ́jì, àmọ́ sàíkọ́lọ́jì gbogbogbòò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí ọmọ kọ́ sàíkọ́lọ́jì ní EKSU ní Adó tàbí FUOYE ní Ọ̀yẹ́, kó ṣe àgùnbánirọ̀, kó wá lọ ṣe máàstàsì human factors lókè òkun. Ọ̀nà kẹta ni kó ṣe méjèèjì ní Nàìjíríà, bóyá kí máàstàsì jẹ́ ti sàíkọ́lọ́jì ilé iṣẹ́ ní Ìbàdàn.

| | Papọ̀ lókè òkun | Àkọ́kọ́ nílé, máàstàsì lókè òkun | Méjèèjì nílé |
|---|---|---|---|
| Iye ọdún | 5 ní Amẹ́ríkà | 4, àgùnbánirọ̀ 1, máàstàsì 1 tàbí 2 | 4, àgùnbánirọ̀ 1, máàstàsì bíi 2 |
| Ẹni tó ń sanwó | Òbí, fún gbogbo ọdún náà | Òbí tàbí NELFUND. Sikọ́láṣíìpù lè gbé máàstàsì | Òbí tàbí NELFUND. Owó oṣù ọmọ fún máàstàsì |
| Ìgbà ìpinnu | Bíi ọmọ ọdún 17 tàbí 18 | Bíi ọmọ ọdún 22 sí 24 | Bákan náà |
| Human factors inú rẹ̀ | Púpọ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ | Díẹ̀ nílé, púpọ̀ lókè òkun | Èyí tí ọmọ bá fọwọ́ ara rẹ̀ wá |
| Ewu tó tóbi jù | Owó tán lágbede méjì, físà | Ìyanṣẹ́lódì, kí sikọ́láṣíìpù má bọ́ sí i | Kí ẹ̀kọ́ náà má jinlẹ̀ tó |

Ìlà kejì àti ìkẹta nínú tábìlì yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ owó

Owó ilé ìwé nìkan ní Embry-Riddle lé ní 40,000 dọ́là lọ́dún. Ẹ kò tíì ka ilé, oúnjẹ, ìwé àti ìwé adójútòfò ìlera. Ẹ fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá ṣírò rẹ̀ sí náírà. Ìdílé tó lè ṣe é wà ní Èkìtì, wọn kò pọ̀. Àwọn tó tún ń dùn mí jù ni àwọn tó ta ilẹ̀ láti fi san ọdún kìíní, tí wọ́n sì ní ìgbàgbọ́ pé ọ̀nà á là kí ọdún kejì tó dé. Físà ọmọ ilé ìwé Amẹ́ríkà ń gba wákàtí 20 péré lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ inú ọgbà nígbà tí kíláàsì ń lọ lọ́wọ́, owó bẹ́ẹ̀ kò lè san owó ilé ìwé.

Ọ̀pọ̀ sikọ́láṣíìpù tó gbé gbogbo owó, máàstàsì ló wà fún. Chevening ti ìjọba Bìrìtìkó ń béèrè dígírì àkọ́kọ́ àti wákàtí 2,800 lẹ́nu iṣẹ́, ó sì fẹ́ kí ẹni náà padà sílé fún ọdún 2 ó kéré tán. Commonwealth Shared Scholarship náà, fún máàstàsì ni. Ọmọ tó ti ṣe máàstàsì rẹ̀ mọ́ dígírì àkọ́kọ́ kò tún ní ìdí tó lágbára láti béèrè lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyí. Ó ti san owó ohun tí ẹlòmíì ìbá bá a san. Lójú tèmi, èyí ló wúwo jù nínú gbogbo ìfiwéra yìí, òun sì ni àwọn ilé ìwé kì í kọ sínú ìwé ìpolówó wọn.

Àwọn ọ̀nà tí kò wọ́n tó Amẹ́ríkà náà wà. Yunifásítì Twente ní Netherlands ní máàstàsì sàíkọ́lọ́jì ọlọ́dún kan tí human factors jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọ. TU Berlin ní Jámánì ní máàstàsì Human Factors ọlọ́dún 2. Kì í gba owó ilé ìwé, àmọ́ ẹ wo èdè tí wọ́n fi ń kọ́ni kí ẹ tó yọ̀. Jámánì náà fẹ́ rí owó oúnjẹ ọmọ nínú àkáǹtì kí wọ́n tó fún un ní físà: ní 2025, 11,904 yúrò fún ọdún kan. Fún ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ tí kò fẹ́ fi ìyàwó àtọmọ sílẹ̀, Yunifásítì Derby ní Bìrìtìkó ní máàstàsì ergonomics, orúkọ mìíràn fún human factors, tí ènìyàn lè ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti Ìjerò tàbí Ọ̀mùò.

Nílé, NELFUND bẹ̀rẹ̀ ní 2024. Ó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé ìjọba lówó láìsí èlé, a kì í sì í bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà títí di ọdún 2 lẹ́yìn àgùnbánirọ̀, bí iṣẹ́ bá ti wà. Kò kan ilé ìwé òkè òkun.

Ọ̀rọ̀ físà kò ṣe é fò. Ní oṣù Keje 2025, Amẹ́ríkà sọ ọ̀pọ̀ físà ọmọ Nàìjíríà di ti oṣù 3, ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà wọ́n kéde pé àwọn dá físà ọmọ ilé ìwé tuntun dúró fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ 2026. Irú òfin báyìí lè yí padà, nítorí náà ẹ wo èyí tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ sanwó. Àmọ́ ẹ rò ó wò: ètò ọdún 5 lábẹ́ òfin tó lè yí lóṣooṣù wúwo ju ti ọdún kan lọ.

Ìgbà tí ọmọ gbọ́dọ̀ pinnu

Ọmọ ọdún 17 tó ní human factors lòun fẹ́, ibo ló ti rí i? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lórí fóònù, kó sì jẹ́ apá tó dùn nìkan ló rí: bàálù, ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀, ìrísí áàpù. Kò tíì rí ìṣirò sítátísíìkì, tó jẹ́ ẹran ara ẹ̀kọ́ yìí. Kò tíì jókòó ka wákàtí mẹ́ta fídíò láti kọ gbogbo ibi tí ọwọ́ ènìyàn ti ṣìnà sílẹ̀. Àwọn kan á dé ibẹ̀, wọ́n á fẹ́ràn rẹ̀ sí i. Àwọn mìíràn á rí i pé ìtọ́jú aláìsàn ọpọlọ ló wù wọ́n, tàbí iṣẹ́ olùkọ́, tàbí kọ̀ǹpútà pátápátá. Ní EKSU tàbí FUOYE, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kàn máa yí ẹṣin rẹ̀ sí ọ̀nà mìíràn nínú sàíkọ́lọ́jì kan náà ni. Nínú ètò àpapọ̀, kọ́ọ̀sì rẹ̀ ti dín sí apá kan, owó sì ti lọ.

Kí n sọ òdìkejì rẹ̀ náà. Ọdún 4 nílé kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ 4. Ìyanṣẹ́lódì ASUU ti 2020 gba oṣù mẹ́sàn-án, ti 2022 gba mẹ́jọ. Ọmọ tó wọlé ní 2018 mọ ohun tí mò ń wí. Òbí tó bá ní owó, tó sì sọ pé òun kò lè fi ọmọ òun sínú ewu yẹn, ó ní ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀, n kò ní bá a jiyàn.

Ohun tí wọ́n ń kọ́, àti bí a ṣe lè dí àlàfo rẹ̀ nílé

Nínú ètò àpapọ̀ gidi, ọmọ á kọ́ bí ojú àti etí ṣe ń gba ìròyìn wọlé, bí ìrántí ṣe ń kún tí ó sì ń dà nù, bí a ṣe ń wọn ara ènìyàn láti fi ṣe àga àti irinṣẹ́, bí a ṣe ń dán ẹ̀rọ wò lọ́wọ́ àwọn tó máa lò ó, àti sítátísíìkì léraléra. Ilé ìwádìí wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń tọpa ẹyinjú àti ẹ̀rọ tó ń ṣe bí bàálù wà níbẹ̀. Èyí jẹ́ àǹfààní ńlá, kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀.

Dígírì sàíkọ́lọ́jì nílé á fún ọmọ ní ìpìlẹ̀: ìrònú, ìrántí, ìdánwò, sítátísíìkì, sàíkọ́lọ́jì ilé iṣẹ́. Ohun tó máa ń kù ni wíwọ̀n ara, ìṣètò ẹ̀rọ, àti fífi ọwọ́ ṣe é. Àlàfo yìí ṣeé dí, iṣẹ́ àṣekágbá ni a sì ń fi dí i. Ibí yìí ni mo ti ń bínú sí ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ àwọn ọmọ wa, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń pín ìwé ìbéèrè fún ọgọ́rùn-ún méjì ọmọ kíláàsì wọn lórí wàhálà ìdánwò, tí wọ́n sì ń pè é ní ìwádìí. Èkìtì kún fún iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀n.

Ẹ lọ sí Ọjà Ọba ní Adó, kí ẹ dúró ti ẹni tó ń ṣe POS. Ẹ kà iye ìgbà tó pa òǹkà rẹ́ nítorí òdo ti pọ̀ jù tàbí ti kéré jù, kí ẹ wo bí oòrùn ṣe ń bo ojú ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, pẹ̀lú ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwádìí, kí ẹ wo bí páálí oògùn méjì tó jọra ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí pẹpẹ, kí ẹ sì rántí ọ̀pá méjì inú B-17. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá tó ń yan gàrí. Ìwé kan wà tó ń wọn bí iṣẹ́ ṣe wúwo tó fún ẹni tó ń ṣe é, wọ́n ń pè é ní NASA-TLX, Hart àti Staveland ló gbé e jáde ní 1988. Ohun 6 péré ló ń béèrè: bí iṣẹ́ náà ṣe gba ọpọlọ tó, bó ṣe gba agbára tó, bí àkókò ṣe há tó, bí ènìyàn ṣe rí i pé òun ṣe é dáadáa tó, ìsapá, àti bó ṣe ń múnú bíni tó. Bébà ni, ọ̀fẹ́ ni, a sì lè túmọ̀ rẹ̀ sí Èkìtì fún ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. SUS náà wà, tó ń wọn bí ẹ̀rọ tàbí áàpù ṣe rọrùn láti lò tó, ìbéèrè 10 ni. R àti jamovi tí a fi ń ṣe sítátísíìkì, ọ̀fẹ́ ni àwọn náà.

Ọmọ tó bá mú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gba ènìyàn sí máàstàsì ní Twente tàbí Bìrìtìkó, ohun tí ọmọ Daytona Beach kò ní ló gbé wá. Mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ètò PhD nínú ẹ̀kọ́ yìí, irú èyí tó wà ní Clemson àti Yunifásítì Central Florida, ń gba ẹni tó ní dígírì àkọ́kọ́ nìkan. PhD ni wọ́n sábà máa ń fi owó gbọ́, wọn kì í sábà gbọ́ ti máàstàsì. Bí ọ̀nà físà bá là, ọmọ tó parí ní Ọ̀yẹ́ pẹ̀lú máàkì gidi lè fo máàstàsì pátápátá.

Ìwé ẹ̀rí àti iṣẹ́

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń fọwọ́ sí ènìyàn gẹ́gẹ́ bí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú iṣẹ́ yìí, BCPE ní Amẹ́ríkà àti CIEHF ní Bìrìtìkó, ń wo ohun tí ènìyàn kọ́ àti ọdún tó ti fi ṣiṣẹ́. Wọn kì í béèrè bóyá dígírì méjèèjì wá papọ̀. Nílé, ibi tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè wò ni NSIB tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá ọkọ̀, NCAA tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù, ilé iṣẹ́ epo, ilé ìfowópamọ́ tó ń ṣe áàpù, àti Ekiti Knowledge Zone, ọgbà ilé iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba ń kọ́ ní Adó. Ẹni tó bá parí lókè òkun kó tó pé ọdún 30 ṣì gbọ́dọ̀ sin ìjọba bíi ti gbogbo ọmọ, kí ẹ má ṣe yọ ọdún yẹn kúrò nínú ìṣirò yín.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ètò àpapọ̀ yẹ ọmọ tí owó ọdún márààrún rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kó tó wọ bàálù, tàbí tó ní ìwé ìlú Amẹ́ríkà, tó sì ti fọwọ́ kan nǹkan gidi nínú ẹ̀kọ́ yìí: ó ti kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà díẹ̀, ìṣirò kì í bà á lẹ́rù, ó sì mọ̀ pé bàálù tàbí ẹ̀rọ ìwòsàn lòun fẹ́ bá ṣiṣẹ́. Ọ̀nà kejì yẹ ọmọ tó ní làákàyè, tí ilé rẹ̀ kò lówó tó bẹ́ẹ̀, tó sì ní sùúrù. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì tí mo mọ̀ ló wà níbí. Ọ̀nà kẹta yẹ ẹni tó ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ní Nàìjíríà tó fẹ́ fi ẹ̀kọ́ náà tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, nọ́ọ̀sì, ọ̀gá ààbò ilé iṣẹ́, olùkọ́ yunifásítì. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá alábòójútó méjì, ọ̀kan ní sàíkọ́lọ́jì, ọ̀kan ní ẹ̀ka Industrial and Production Engineering, torí pé ní Nàìjíríà ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni ergonomics ń gbé jù.

Bí ẹ bá ti pinnu pé ètò àpapọ̀ lẹ fẹ́, ẹ kọ̀wé sí ilé ìwé náà kí ẹ tó san owó fọ́ọ̀mù. Ẹ bi wọ́n bóyá ìwé ẹ̀rí méjì ni ọmọ máa gbà tàbí ọ̀kan. Ẹ bi wọ́n bóyá ó lè dúró lẹ́yìn ọdún 4, kó sì gba ti àkọ́kọ́ láìsí ìjà, bí owó bá tán tàbí bí ara bá kọ̀. Máàkì wo ló gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n tó gbà á sí apá máàstàsì, ọdún wo ni wọ́n sì ń pinnu rẹ̀? Kọ́ọ̀sì mélòó ló ń ka ẹ̀ẹ̀méjì? Èyí tó gbẹ̀yìn, tí mo máa fẹ́ kí wọ́n dáhùn pẹ̀lú ìwé: ní ọdún karùn-ún, ṣé owó ilé ìwé ti dígírì àkọ́kọ́ ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀, àbí ti máàstàsì, ṣé ó sì lè béèrè fún iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ máàstàsì tòótọ́?